Lẹ́tà ṣíṣí sí William Shakespeare: ta ló gbàgbé Cordelia sí túbú?

Sí Ọ̀gbẹ́ni William Shakespeare,
Ṣọ́ọ̀ṣì Holy Trinity,
Stratford-upon-Avon, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Bàbá Susanna,

Ẹ kú ìsinmi o. Mo mọ̀ pé láti ọdún 1616 lẹ ti wà níbi tí mo kọ̀wé sí yìí. Mo sì ti ka ohun tí wọ́n fín sórí òkúta ibojì yín, pé ìbùkún ni fún ẹni tó bá fi òkúta náà sílẹ̀, ègún sì ni fún ẹni tó bá ṣí egungun yín nídìí. N kò bá ti egungun wá. Ẹjọ́ ni mo bá wá, ẹjọ́ eré yín tí ẹ pè ní Ọba Lear, pàápàá jù lọ bí ẹ ṣe parí rẹ̀. Bí ohùn mi bá le jù níbì kan, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fojú fò ó. Inú ló ń bí mi.

Fíìmù tí Peter Brook ṣe ní 1971 ni mo wò, èyí tí Paul Scofield ti ṣe Lear. Kò sí àwọ̀ kankan nínú rẹ̀ ju dúdú àti funfun lọ, òtútù sì gba gbogbo ibẹ̀ kan. Ní ìparí, ojú arúgbó náà ló kù nínú àwòrán. Orí rẹ̀ ń lọ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí ó fi yọ kúrò pátápátá, ó wá ku funfun lásán. Mo rò pé dátà mi ló tán. Mo fọwọ́ tẹ fóònù síwá sẹ́yìn kí n tó mọ̀ pé fíìmù ló ti parí. Ọwọ́ Brook wà nínú ọ̀rọ̀ náà o, àmọ́ nígbà tí mo wá ìwé eré náà kà, mo rí i pé ẹ ti já okùn náà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá.

Nítorí àwọn tó ń yọjú ka lẹ́tà yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn náà ní ṣókí. Lear jẹ́ ọba Britain láyé àtijọ́, ó ti lé ní ẹni 80 ọdún. Ọmọbìnrin mẹ́ta ló bí: Goneril, aya Ìjòyè Albany, Regan, aya Ìjòyè Cornwall, àti Cordelia, àbíkẹ́yìn, tí kò tíì lọ́kọ. Ọba ní òun fẹ́ pín ilẹ̀ òun fún wọn, àmọ́ kí oníkálukú kọ́kọ́ sọ bí ìfẹ́ rẹ̀ sí bàbá ti pọ̀ tó. Àwọn ẹ̀gbọ́n méjì fi ẹnu dídùn gba ìpín tiwọn. Cordelia ní òun kò ní nǹkan kan láti sọ, pé òun fẹ́ràn bàbá òun bó ṣe yẹ kí ọmọ fẹ́ràn bàbá, kò jù bẹ́ẹ̀, kò dín. Bàbá bínú, ó lé e lọ lọ́wọ́ òfìfo, ọba ilẹ̀ Faransé ló sì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ẹlẹ́nu dídùn fi ti bàbá mọ́ta sínú ìjì, tí orí rẹ̀ dàrú nínú òjò. Cordelia kó ogun wá láti ilẹ̀ Faransé láti wá gba bàbá rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀, ọwọ́ tẹ òun àti bàbá. Edmund, ọmọ àlè Ìjòyè Gloucester, tí Goneril àti Regan ń dù mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ló ní kí wọ́n kó bàbá àti ọmọ lọ sí túbú.

Ibẹ̀ ni ìjà èmi àti ẹ̀yin ti bẹ̀rẹ̀.

Edmund mú ìwé kan jáde, ó fi lé ọ̀gá sójà kan lọ́wọ́. Ojú wa báyìí ló ti ṣe é, kò fi pa mọ́. Ó ní kí ó tẹ̀lé àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà, kí ó sì ṣe ohun tó wà nínú ìwé. Sójà náà fèsì pé òun kò lè fa kẹ̀kẹ́ ẹrù, òun kò sì lè jẹ ọkà gbígbẹ bí ẹṣin, àmọ́ bí ó bá ti jẹ́ iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe, òun á ṣe é. Ó yíjú, ó lọ. Kò sí ẹ̀rù bí irú èyí nínú gbogbo eré yín lójú tèmi, ọkùnrin tó ka pípa ọba àti ọmọ ọba sí iṣẹ́ òòjọ́. Láti ìgbà tí ó ti kúrò lórí ìtàgé, gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni bá sọ, okùn ló ń sún mọ́ ọrùn Cordelia.

Kí lẹ wá fi àkókò náà ṣe?

Ẹ jẹ́ kí Albany àti Edmund máa jiyàn lórí ta ni ọ̀gá ta ni. Ẹ jẹ́ kí Regan dá sí i, kí inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti fún un ní májèlé jẹ. Ẹ ní kí wọ́n fun fèrè, bóyá akọni kan á jáde wá bá Edmund jà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n fun ún. Ní ìkẹta, ọkùnrin kan tó bojú jáde wá, wọ́n yọ idà, Edmund ṣubú. Goneril bínú jáde nígbà tí ọkọ rẹ̀ fi lẹ́tà àṣírí hàn án. Akọni náà ṣí ojú: Edgar ni, ọmọ gidi Gloucester, tí wọ́n ti ń wá láti pa. Ṣé ìyẹn tó? Kò tó. Edgar ní kí gbogbo ènìyàn fetí sí ìtàn kúkúrú kan. Ó wá ń sọ bí òun ṣe ṣe alágbe, bí òun ṣe fa bàbá òun tó fọ́jú kiri, àti bí ọkàn bàbá náà ṣe bẹ́ láàárín ayọ̀ àti ìbànújẹ́ lọ́jọ́ tó mọ ẹni tó ń fà á. Ìtàn tó dùn ni. Edmund tó ń kú lọ pàápàá gbádùn rẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ náà wọ òun lára, ó ṣeé ṣe kí ó mú rere kan wá, àmọ́ kí Edgar máa bá a lọ, ó jọ pé ó ṣì ní nǹkan láti sọ.

Kí ó máa bá a lọ! Ọkùnrin yìí mọ̀ pé sójà ti wà ní ẹnu ọ̀nà túbú. Ó kàn nílò kí ó la ẹnu, kí ó ní, “Ẹ sáré lọ dá a dúró.” Dípò bẹ́ẹ̀ ó ní kí wọ́n tún sọ ìtàn sí i.

Wọ́n tún kígbe wọlé pẹ̀lú ọ̀bẹ tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Goneril ti gún ara rẹ̀ pa, Regan ti kú. Ìgbà náà ni Kent, ìjòyè olóòótọ́ tí ọba ti lé lọ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, wọlé wá. Kò mọ gbogbo ariwo náà rí. Ó ní òun wá kí ọba òun pé ó dàárọ̀ títí láé, ṣé kò sí níbí ni? Albany wá dáhùn pé: ohun ńlá ni a gbàgbé.

Ẹ gbàgbé! Ọba ìlú, bàbá ìyàwó rẹ, àti ọmọbìnrin tó torí bàbá rẹ̀ kó ogun sọdá òkun, lẹ gbàgbé! Síbẹ̀, kò tilẹ̀ tíì parí. Albany béèrè lọ́wọ́ Edmund pé níbo ni ọba wà, níbo ni Cordelia wà, ṣùgbọ́n kí Edmund tó fèsì, ó ti nawọ́ sí òkú Goneril àti Regan tí wọ́n gbé wọlé, ó ń bi Kent bóyá ó rí nǹkan yìí. Kent béèrè ìdí. Edmund wá ráyè fi ara rẹ̀ yangàn pé àwọn obìnrin méjì kú nítorí òun. Lẹ́yìn gbogbo èyí ló tó sọ pé òun ti pàṣẹ kí wọ́n pa wọ́n, kí wọ́n yára ránṣẹ́. Albany ní, “Ẹ sáré, ẹ sáré!” Edgar ní, “Sọ́dọ̀ ta ni, olúwa mi?” Wọ́n tún ń wá idà tí wọ́n á fi ṣe àmì. Ẹnìkan gbéra. Albany gbàdúrà pé kí àwọn òrìṣà dáàbò bo ọmọ náà, ó ní kí wọ́n gbé Edmund kúrò nílẹ̀.

Ohun tí ẹ kọ tẹ̀lé e ni pé kí Lear wọlé, kí Cordelia wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ kò fi ààyè ìmí kan sí àárín àdúrà àti òkú. Mo ka ojú ìwé náà léraléra bóyá ìlà kan ló sọnù. Kò sí ohun tó sọnù.

Àwọn òǹwòran tiwa kì í pa ẹnu mọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe tíátà Yorùbá ti gbọ́ ìyá kan tó kígbe láti ẹ̀yìn pé, “Má jẹ oúnjẹ yẹn o, wọ́n ti fi nǹkan sí i!” Ká ní iwájú wa lẹ ti kọ́kọ́ ṣe Ọba Lear, ẹnìkan ì bá ti dìde nígbà tí fèrè kejì dún, kí ó ní, “Albany, ọmọ wà ní túbú o!” Mo sì gbà pé ẹ̀yin náà ní irú wọn, àwọn tó ń san penny kan ṣoṣo kí wọ́n lè dúró lórí ilẹ̀ níwájú ìtàgé Globe. Ẹ mọ̀ wọ́n dáadáa. Ìdí tí ẹ fi kó ìjà idà, fèrè, májèlé àti ìtàn dídùn síwájú wọn nìyẹn, kí àwọn náà lè gbàgbé. Ẹ sọ wá di ẹlẹ́gbẹ́ Albany. Ìwà jìbìtì ni, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Jìbìtì tó dára ni, àmọ́ jìbìtì ni.

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí Albany díẹ̀. Àwọn àgbà wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Albany ni àgbà ọjà náà. Regan ti kú, Cornwall ti kú, Edmund wà nílẹ̀, gbogbo àṣẹ ìlú wà lọ́wọ́ ọkùnrin kan yìí. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ béèrè àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà lọ́wọ́ Edmund kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, tí Edmund sì fi ọ̀rọ̀ yí i lórí. Ṣùgbọ́n ẹ fọwọ́ jẹ́jẹ́ mú un. Ẹ jẹ́ kí ó jáde bí ẹni rere. Mo ń ronú sí i. Ní ọjọ́ 26 oṣù December 1606, ààfin Whitehall lẹ ti ṣe eré yìí, níwájú Ọba James I fúnra rẹ̀. Ọmọkùnrin James àkọ́bí ló ń jẹ oyè Duke (Ìjòyè) Cornwall, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Charles, ló sì ń jẹ oyè Duke Albany. Cornwall inú eré, tó yọ ojú Gloucester, ẹ pa á ní kíákíá. Ṣé ọkàn yín kò wá gbé e mọ́ láti pe Albany náà ní ẹlẹ́bi níwájú bàbá Albany? N kò dá yín lẹ́bi. Èmi náà kò ní sọ ọ́ níwájú ọba.

Ẹ má rò pé ohun tí mo ń wá ni kí ẹ jí Cordelia dìde. Ẹnìkan ti ṣe ìyẹn fún wa. Ní 1681, Nahum Tate, akéwì ọmọ Ireland, tún eré yín kọ. Ó jẹ́ kí Edgar àti Cordelia máa fẹ́ ara wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, ó jẹ́ kí Edgar àti Albany dé túbú lásìkò, ó dá Lear padà sí ipò rẹ̀, Lear sì gbé ìjọba fún Cordelia àti Edgar. Nǹkan bí 150 ọdún ni àwọn ará London fi wo èyí. David Garrick, ọ̀gá àwọn òṣèré ìgbà rẹ̀, ìparí Tate ló lò. Ó tó 1823 kí òṣèré kan, Edmund Kean, tó dá ikú padà sí i. (Láàárín 1810 sí 1820, wọn kò tilẹ̀ ṣe eré náà ní London rárá, nítorí orí Ọba George III ti dàrú, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ gbé ọba tó ya wèrè sí iwájú aráàlú.)

Mo mọ ohun tó ṣe Tate. Samuel Johnson, ọkùnrin tó fi ọdún púpọ̀ kó ọ̀rọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì jọ sínú ìwé atúmọ̀, kọ ọ́ ní 1765 pé ikú Cordelia dun òun nígbà kan débi pé òun kò mọ̀ bóyá òun tún lè ka ìparí eré náà mọ́, àfi ìgbà tí iṣẹ́ olóòtú fi ipá mú òun. Johnson kì í ṣe ẹni tí nǹkan kékeré ń bà lẹ́rù. Àwọn tó jókòó wò ó níjọ́ àkọ́kọ́ gan-an ti ní ìdí láti bínú ju tirẹ̀ lọ. Ìtàn náà ti wà lẹ́nu aráyé láti ìgbà òpìtàn Geoffrey ará Monmouth, ní nǹkan bí 1136, bàbá sì padà sórí oyè nínú rẹ̀. Eré àtijọ́ kan tí wọ́n tẹ̀ ní 1605 ṣe é bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n wá síbẹ̀ kí wọ́n lè rí ọba tó gba adé rẹ̀ padà, ẹ wá ṣe bí apàlọ́ tó pa Ìjàpá kí Ìjàpá tó dé ọ̀dọ̀ àna rẹ̀.

Àmọ́ orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ohun tí Tate yọ kúrò kì í ṣe ikú nìkan, ìgbàgbé náà bá a lọ. Nínú tirẹ̀, àwọn alágbára rántí ẹlẹ́wọ̀n lásìkò. Èmi kò gba ìyẹn gbọ́. Tiyín ni mo gbà gbọ́. Nígbà tí àwọn ńlá bá ń jà lórí àga, ẹni tó wà ní túbú ni wọ́n máa ń gbàgbé, bó ti wà ní Britain ìgbà náà, bẹ́ẹ̀ náà ló wà ní ìlú tí mo ti ń kọ̀wé yìí, níbi tí àwọn kan ti ń retí ìgbẹ́jọ́ fún ọdún gbọọrọ láìjẹ́ pé adájọ́ kan tíì dá wọn lẹ́bi. Nítorí náà, ẹ fi ikú náà sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ẹ fi Lear sílẹ̀ bó ṣe wà pẹ̀lú. N kò fẹ́ kí ẹ fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan. Ní ilẹ̀ wa, òkú ọ̀fọ̀ ni òkú ọmọ tí bàbá rẹ̀ ṣì wà láyé. Òbí kì í sin ọmọ, wọn kì í tilẹ̀ fẹ́ kí ó mọ ojú oórì náà. Ẹ wá jẹ́ kí arúgbó tó lé ní 80 ọdún fúnra rẹ̀ gbé e wọlé, lẹ́yìn tí ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ pa ẹni tó so ọmọ rẹ̀ kọ́. (Gbogbo àwọn ọ̀dọ́ tó ní idà wà níta, wọ́n ń gbọ́ ìtàn. Arúgbó tí kò ní ohun ìjà kankan nìkan ló ṣe nǹkan.) Ó ń wá dígí, bóyá èémí ọmọ rẹ̀ á bò ó. Ó gbé ìyẹ́ kékeré sí i nímú, ó ní ó mì. Ó béèrè ìdí tí ajá fi ń mí, tí ẹṣin ń mí, tí eku ń mí, tí ọmọ òun kò sì mí. Ó pe láéláé, ó tún un pè títí ó fi pé márùn-ún. Ó wá bẹ ẹnìkan pé kí ó bá òun tú bọ́tìnnì kan. Bọ́tìnnì! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sin Hamnet, ọmọ yín ọkùnrin, ní oṣù August 1596, tí ọmọ náà jẹ́ ọmọ ọdún 11, n kò ní jókòó síbí kí n máa kọ́ yín bí bàbá ṣe ń sunkún ọmọ.

Ìbínú mi wà lórí ohun tí àwọn alààyè ṣe lẹ́yìn náà. Lear kú. Albany ní kí wọ́n gbé wọn, ọ̀fọ̀ ìlú ló kàn. Lójú ẹsẹ̀ ó ní kí Kent àti Edgar jọ máa ṣàkóso. Pípín ìlú ló fa gbogbo èyí, ẹ gbọ́, òkú kò tíì tutù, ó tún fẹ́ pín in sí méjì! Kent ní òun kò lè gbà á, ọ̀gá òun ń pe òun lọ sí ìrìn àjò kan. Edgar kò dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, kò dáhùn bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìlà mẹ́rin ló kù, ẹnìkan sì sọ ọ́: pé a gbọ́dọ̀ gba ẹrù àkókò ìbànújẹ́ yìí, kí a sọ ohun tó wà lọ́kàn wa, kì í ṣe ohun tó yẹ kí á sọ, pé ẹni tó dàgbà jù ló rù jù, àwa ọ̀dọ́ kò ní rí tó bẹ́ẹ̀, a kò sì ní pẹ́ láyé tó bẹ́ẹ̀. Ìlù òkú, wọ́n jáde. Ó tán.

Kí a sọ ohun tó wà lọ́kàn wa! Ó dáa. Ta ló sọ ọ́? Nínú gbogbo àwọn tó kù lórí ìtàgé, kò sẹ́ni tó sọ pé, “Àwa la gbàgbé wọn.” Albany sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ó tó mọ ohun tí ìgbàgbé náà ná an, kò sì padà sórí rẹ̀ mọ́. Òkú wà níwájú rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ oyè àti ẹ̀san: àwọn ọ̀rẹ́ á jẹ èrè ìwà rere wọn, àwọn ọ̀tá á mu ife ohun tó tọ́ sí wọn. Èwo ni tirẹ̀ nínú méjèèjì? Ìdí tí ìparí náà fi já lójú mi lójijì nìyí. Kò kúrú jù. Ọ̀rọ̀ kan ló kù tí ẹ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ.

Mo wá rí nǹkan kan tó jẹ́ kí ìbínú mi rọlẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀dà ìwé eré yín méjì ló wà. Nínú èyí tí wọ́n tẹ̀ ní 1608, nígbà tí ẹ ṣì wà láyé, Albany ló sọ ìlà mẹ́rin ìkẹyìn náà. Nínú ìwé ńlá tí àwọn ọ̀rẹ́ yín, John Heminges àti Henry Condell, kó jọ ní 1623, ọdún keje lẹ́yìn ikú yín, Edgar ló sọ ọ́. Àwọn tó ń ṣe eré náà lónìí sábà máa ń fún Edgar, nítorí òun ni ọ̀dọ́, òun ló ṣẹ́gun, ó sì jọ pé òun ni adé ń bọ̀ wá bá. N kò fara mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí Albany sọ ọ́. Bí ẹni tó gbàgbé bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú méjèèjì, tó sì ní kí a sọ ohun tó wà lọ́kàn wa, gbogbo gbọ̀ngàn ló máa mọ ohun tó wà lọ́kàn tirẹ̀. Ó lè máà jẹ́wọ́ pátápátá, àmọ́ ojú á tì í. Èyí tó mi.

Ọ̀rọ̀ kejì nìyí, ó kéré sí ti àkọ́kọ́. Lọ́dún 1599, ọkùnrin kan láti Basel, Thomas Platter, wá sí London, ó wo eré kan nípa Julius Caesar nínú ilé tí wọ́n fi koríko bo òrùlé rẹ̀, ní òdìkejì odò. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé nígbà tí eré parí, àwọn òṣèré jáde jó ijó tó dára, méjì wọ aṣọ ọkùnrin, méjì wọ aṣọ obìnrin. Wọ́n ti gún Caesar pa tán o! Ijó ni wọ́n fi sin àwọn òǹwòran dé ẹnu ọ̀nà. Ó dùn mọ́ mi nígbà tí mo kà á, torí àwa náà mọ̀ ọ́n. Hubert Ògúndé, bàbá tíátà wa, orin àti ijó ló fi ń ṣí eré rẹ̀, orin àti ijó náà ló fi ń tì í. Ẹkún lè wà láàárín, ẹnikẹ́ni kò ní fi ẹkún náà nìkan lọ sílé. Mo wá gbọ́ pé ní 1612, àwọn adájọ́ Middlesex pàṣẹ kí wọ́n dáwọ́ irú ijó bẹ́ẹ̀ dúró lẹ́yìn eré, pé àwọn jàǹdùkú ń tìtorí rẹ̀ kóra jọ. Àwọn adájọ́ kò yé mi nígbà kankan.

Bóyá wọ́n jó lẹ́yìn Lear ní ìgbà tiyín tàbí wọn kò jó, ìyẹn wà lọ́wọ́ yín. Àmọ́ bí ẹ bá kọ ìparí náà gígé bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìmọ̀ pé ìlù máa dún lẹ́yìn rẹ̀, ó yẹ kí ẹnìkan ti sọ fún àwọn tó gba eré náà lọ́wọ́ yín. Ní Globe tuntun tí wọ́n ṣí ní London ní 1997, wọ́n ń gbìyànjú. Wọ́n máa ń jó níbẹ̀ lẹ́yìn eré, àwọn tó kú máa ń dìde láti jó pẹ̀lú àwọn tó pa wọ́n. Ní àwọn ibòmíràn, iná ni wọ́n ń pa. Wọ́n á pa iná bí ẹni pé wọ́n jẹ gbèsè, òkùnkùn á ṣú, àwọn ènìyàn á pàtẹ́wọ́, kí a tó jí, a ti wà níta tí a ń wá ọkọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń darí eré tí ẹ sì ń ka lẹ́tà yìí, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín pẹ̀lú. Bí ẹ kò bá lè jó, ẹ jẹ́ kí ìlù òkú tó wà nínú ìwé 1623 dún tó bó ṣe yẹ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé òkú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde níṣojú wa, Goneril àti Regan náà. Ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n.

Bàbá Susanna, mo ti sọ tinú mi. Mo dúpẹ́ pé ẹ kò lè dá mi lóhùn.

Èmi ni,
Òǹwòran yín kan, láti ilẹ̀ Yorùbá.

Àfikún: Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé aláwàdà ọba. Ọmọ tó tẹ̀lé Lear sínú òjò nígbà tí gbogbo ìjòyè ti ilẹ̀kùn, tó ń fi orin àti ẹ̀fẹ̀ bá a wí, ó kàn sọ láàárín eré pé òun á lọ sùn ní ọ̀sán gangan, a kò sì rí i mọ́. Kò kú níṣojú wa, kò sá lọ, kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀. Nígbà tí Lear ní wọ́n ti so aláwàdà òun kọ́, àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn bóyá Cordelia ló ń pè bẹ́ẹ̀. Grigori Kozintsev, olùdarí ará Rọ́ṣíà, kò lè fara dà á. Nínú fíìmù tirẹ̀, 1971 náà ni, ó mú aláwàdà náà dé ìparí: wọ́n ń gbé òkú kọjá, ọmọ náà jókòó sílẹ̀ nínú ìlú tó jóná, ó ń fun fèrè, sójà kan sì fi ẹsẹ̀ tì í kúrò lọ́nà. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an. Àmọ́ Kozintsev ló ronú rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yin. Bí ẹ bá pàdé ọmọ náà lọ́hùn-ún, ẹ bá mi bi í ibi tó sùn.